Àgbò Ìta àti Àgbò Ẹ̀yìnkùlé

Kifayah, ọmọ àbúrò mi, kì í jẹ ẹran àgbò. Òun ló ń fún àwọn àgbò bàbá rẹ̀ lóúnjẹ láràárọ̀, òun ló ń gbá ìgbẹ́ wọn, ó sì mọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí wọ́n bá wá pa ọ̀kan tán, tí ọbẹ̀ dé iwájú rẹ̀, á ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, á ní, "Ìyá Olódò, mi ò lè jẹ ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lánàá." À ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ alágbò tí kì í jẹ àgbò, irú kí ni ìyẹn?

Olódò ni èmi ń gbé, níbi tí mo ti ń ta ike. Sàníù àbúrò mi wà ní abúlé wa lẹ́yìn Lálúpọn, ibẹ̀ ló ti ń sin àgbò tà. Tó bá ti ku oṣù díẹ̀ kí Iléyá dé, á lọ ra àwọn tó rù hangogo lọ́wọ́ àwọn Hausa, á so wọ́n mọ́lẹ̀ níwájú ilé, á máa bọ́ wọn. Kí ọdún tó kò, wọ́n á ti sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Àwọn èèyàn ń ti ìgboro Ìbàdàn wá rà wọ́n, wọ́n ní Sàníù mọ ẹran sìn.

Ohun kan wà tí gbogbo wa ń rí. Sàníù kì í pa àgbò iwájú ilé fún ara ilé rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ń so tiwa mọ́, ọ̀kan tín-ín-rín báyìí tó ń jẹ koríko àti èèpo ẹ̀gẹ́. Bí Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ bá ní kó fún àwọn ní ọ̀kan nínú àwọn tó sanra lọ́dún yìí, á ní, "Títà ni ti títà, jíjẹ ni ti jíjẹ." Ahun la pè é. Ká ní ahun náà ló ń ṣe ni, ì bá dáa.

Lọ́dún tó kọjá, Yasir wá fẹ́ Kifayah. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọlọ́runṣògo kan tó ń tún fíríìjì ṣe ni, onísùúrù ọmọ. Àlàájà ìyá rẹ̀ bá a wá, wọ́n sì fi yìgì sí ẹ̀yìn Iléyá. Bí wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀ báyìí, Àlàájà wo Kifayah láti orí dé ẹsẹ̀, ó yíjú wo àwọn àgbò tó wà níta, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin àna wa, ẹran ilé yìí mà sanra ju ọmọ ilé yìí lọ! Tí mo bá mú eléyìí délé báyìí, ṣé wọn ò ní ní a ò fún un lóúnjẹ ni? Ẹ bá wa bọ́ ọ bí ẹ ṣe ń bọ́ àwọn tọ̀hún."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Sàníù ló rẹ́rìn-ín jù, nítorí ìyìn ọjà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ létí tiẹ̀. Kifayah náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń fa híjáàbù rẹ̀ bo apá. Inú bí mi sí obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ ṣì ń bí mi di òní olónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Àsmá'ù àbúrò Kifayah, tí àwọn méjèèjì jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, ló sọ ọ́ fún mi. Láràárọ̀ ni Kifayah máa ń lọ oògùn kan, hóró funfun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, mọ́ ẹ̀ẹ́rí àwọn àgbò ìta. Bàbá rẹ̀ ló ń rà á, òun ló sì ní kó máa fi sí i. Nígbà tó bi í pé kí ni, Sàníù ní, "Fítámì ni. Òun ló ń jẹ́ kí ara wọn yá, kí wọ́n máa jẹun dáadáa." Ọmọ náà gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ náà ni àwọn ẹran wọ̀nyẹn ṣe ń kún. Ó wá ní bí fítámì bá lè ṣe ẹran báyìí, á ṣe òun náà, kò sì ní di dandan kí òun jẹ àgbò tí òun ò lè jẹ. Bó ṣe ń lọ ti àgbò ló ń ju tirẹ̀ sẹ́nu.

Ó sanra lóòótọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ọrùn rẹ̀ kún, ó ń jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ààwẹ̀ dé. Àlàájà tún wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú. "Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ o! Alihamudulilahi, ìyàwó wa ti ń dára." Fàtímọ̀ ń yọ̀, ó ní ayọ̀ ìgbéyàwó ni. Èmi kíyè sí i pé apá àti ẹsẹ̀ ọmọ náà ò kúrò bó ṣe wà, pé ojú àti ikùn nìkan ló ń wú. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́, pé mo fẹ́ bá wọn ba ayọ̀ jẹ́.

Iléyá dé, àgbò tà. Àlàájà ra tiẹ̀, Lẹ́mọ́mù abúlé ra tiwọn. Ọ̀kan péré ló ṣẹ́ kù níta, tí ẹni tó fẹ́ rà á kò wá mọ́. Sàníù pa ti ẹ̀yìnkùlé fún wa. Bí ọjà sì ti parí, kò ra oògùn mọ́. Agolo tí Kifayah ń bù ú nínú rẹ̀ ṣófo, ó sì tijú àtibèèrè.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ó ń bì, inú ń run ún, òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un ní àgbo mu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó ṣubú lẹ́bàá kànga, wọ́n fi ọ̀kadà gbé e wá sí ọsibítù kan ní ìgboro. Mo bá wọn níbẹ̀, Sàníù àti Àsmá'ù. Yasir àti ìyá rẹ̀ dé, Lẹ́mọ́mù náà dé.

Dókítà náà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, jáde sí wa. "A ti fa omi sí i lára, ara rẹ̀ ò gbà á. Ṣé oògùn kan wà tó ń lò tẹ́lẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi."

Àsmá'ù bú sẹ́kún. "Fítámì àgbò ni. Ó ń jẹ nínú ẹ̀."

"Fítámì wo?" Dókítà kọjú sí Sàníù. "Bàbá, kí ló ń jẹ́?"

Mo ń wo àbúrò mi. Ó wo Àlàájà, ó wo Lẹ́mọ́mù, ó wá sọ ojú kalẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Fítámì lásán ni," ó ní. "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la jókòó. Wọ́n kírun Àílà, wọ́n kírun Alásàrí. Ìgbà tí wọ́n pe Kifayah tí kò dáhùn mọ́ ni Sàníù tó dìde, tó tẹ̀ lé dókítà lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo tẹ̀ lé wọn. Ó sọ orúkọ oògùn náà jẹ́jẹ́, ó sì ní kí dókítà má jẹ́ kí àwọn tó wà níta gbọ́.

"Bàbá! Láti àárọ̀! Oògùn tó ń mú ojú wú ni yìí, bó bá ti mọ́ èèyàn lára, a kì í dá a dúró lójijì!" Obìnrin náà sáré wọlé. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Kifayah kú kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì.

Èmi àti àwọn obìnrin méjì la wẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń da omi sí i lára, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ yìí mà ti sanra o." Mo ní kó jáde fún mi. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún Fàtímọ̀. Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé ṣé láti àárọ̀ ló ti fi pa mọ́ lóòótọ́.

Nígbà tó di fídáù ọjọ́ kẹjọ, Fàtímọ̀ lọ síwájú ilé, ó tú àgbò tó ṣẹ́ kù, ó fà á lé àwọn tó máa pa á lọ́wọ́. Sàníù sáré jáde, ó ní òun á lọ ra òmíràn.

"Eléyìí náà ni," Fàtímọ̀ ní.

Òun fúnra rẹ̀ ló sè é. Ẹran náà ń tú omi sílẹ̀ nínú ìkòkò, ó ń súnkì. Nígbà tí àdúrà parí, ó bu oúnjẹ fún gbogbo èèyàn, ó wá gbé ti ọkọ rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀. Ẹran ló pọ̀ jù nínú àwo náà.

"Ẹ jẹun, Bàbá Kifayah."

"Ebi ò pa mí."

"Ẹ jẹ ẹran nìkan."

Kò fọwọ́ kàn án. Fàtímọ̀ ò dìde. Gbogbo ìjókòó wá ń wo tọkọtaya náà. Lẹ́mọ́mù ti gbé ẹran tiwọn dé ẹnu, wọ́n dá ọwọ́ dúró.

"Sàníù," wọ́n ní, "kí lo fún àgbò yìí jẹ?"

Àbúrò mi sọ ojú kalẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ohun tí Kifayah jẹ ni," Fàtímọ̀ dáhùn.

Lẹ́mọ́mù dá ẹran wọn padà sínú àwo. Àlàájà ti jẹ tiẹ̀ tán.