Ohùn Keje Nínú Orin Àkọ́kọ́

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mẹ́fà ni àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ akọrin Asanagi. Bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn a rọ́pò. Masumi nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn àkọ́kọ́. Èmi tí mo ń kọ́ wọn níjó, ọdún kẹta ẹgbẹ́ ni mo dé bá wọn, mi ò sì rí méje rí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, iléeṣẹ́ tó ni ẹgbẹ́ ní kí wọ́n tún àwo orin wọn àkọ́kọ́ kọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Riho, àbúrò gbogbo wọn, jókòó sílẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé, ó ń fi etí gbọ́ orin àtijọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Masumi, ẹni méje ló ń gbègbè níbí o."

Nanase bú sẹ́rìn-ín. "Ìrẹsì ti kún ẹ létí. Jẹun tán ná!"

Masumi kò rẹ́rìn-ín. "Tamae nìyẹn. A kì í dárúkọ rẹ̀."

"Kí ló ṣe?"

"Ó fẹ́ràn ẹnì kan, òfin ẹgbẹ́ kò sì gbà á. Ìwé ìròyìn gbé fọ́tò wọn jáde. Wọ́n yọ ọ́ nínú gbogbo àwòrán, wọ́n ní kí n fi ohùn tèmi rọ́pò gbogbo ibi tó dá kọ."

"Báwo lohùn rẹ̀ wá ṣe ṣẹ́kù?"

"Òṣì ni. Maikirofóònù kan ṣoṣo la ní fún ègbè. A yí i ká bí ẹni ń yáná. Wọn ò lè yọ ọ́ láìyọ gbogbo wa."

Riho gbé ìrẹsì náà sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ọmọkùnrin kan tó ń ta tofu, wàrà ẹ̀wà sóyà, ní Nakano, tí Riho ń pè ní ìbátan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbátan kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ dúdú kan, irú èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn fi ń ṣọ́ni, dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà, kò sì sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Onodera, ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́, fi pè wọ́n sí ibi ìgbohùnsílẹ̀. Láyé òde òní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ yàrá lọ kọrin. Riho tẹríba mọ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbègbè bíi tàtijọ́, ká jọ yí maikirofóònù kan ká."

Onodera rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé a ṣì tòṣì bíi tìgbà yẹn ni? Ọ̀kọ̀ọ̀kan, àbúrò. Ìyẹn ló mọ́ jù."

Riho wo ojú Masumi. Masumi ń wo bàtà ara rẹ̀. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tó bá sì ti fojú rí i, ó mọ bó ṣe gùn tó.

Riho wọlé, ó kọ apá tirẹ̀. Mi ò gbọ́ kó kọrin báyẹn rí. Nígbà tó jáde, òógùn bò ó.

"O kú iṣẹ́," ni Onodera wí. Kò gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀. "Nanase, wọlé. Kọ ti Riho náà, ká kàn ní in nípamọ́."

"Ti Riho, Ọ̀gá?"

"Ti Riho."

Nanase tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Riho kọjá láì wò ó, ó pa ilẹ̀kùn nínípọn náà dé. Iná pupa tàn. A ń wò ó nínú gíláàsì bí ẹnu rẹ̀ ti ń là, tó ń pa dé. Níbi tí a dúró sí, a kò gbọ́ ohùn kankan.