Ọ̀pọ̀lọ́ Onírọ́bà Tí Mo Da Iyọ̀ Sí

Kí n tó rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù kí n tó sùn. Ṣìkírù ọmọ wa tó wà lókè òkun fi ọ̀pọ̀lọ́ onírọ́bà mẹ́ta tí wọ́n fi ń dẹ ẹja ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ apẹja: funfun, dúdú, àti aláwọ̀ ewé. Wọ́n á léfòó lójú omi, ẹja á rò pé oúnjẹ dé, á sì gbé ìwọ̀ mì. Èmi ò mọ̀. Mo bá èyí dúdú lẹ́nu ọ̀nà, mo ké "Yéè!", mo bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ dà á lórí, mo tún fi ìgbálẹ̀ nà án. Kò kú, kò sì sá. Ìgbà tí mo rí ìwọ̀ nídìí rẹ̀ ni ojú tì mí. Mo rọra dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀ ìpẹja ọkọ mi, mo wọlé lọ sùn. Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa.

Ọkàn mi ò balẹ̀ ni. Ẹja ńlá kan tó ń gbé abẹ́ òjúoró ti sọ ọkọ mi di ẹni ẹ̀sín létí ọ̀sà. Kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti búra pé bí òun ò bá rí i mú láàárọ̀ yìí, òun á ta ọkọ̀ ojú omi òun, òun á sì jókòó sílé. Kó jókòó sílé kó máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà? Háà!

Bí oorun ṣe gbé mi lọ, mo bá ara mi ní ọ́fíìsì kan tó léfòó lórí òjúoró. Mi ò bèèrè bó ṣe débẹ̀. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù to ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì.

"Màmá, ẹ mú ọ̀kan," ó ní. "Bí ẹja bá kọ̀ ọ́, a gba ọkọ̀ bàbá."

Funfun yára dáhùn. "Èmi ni, màmá. Mo mọ́ bí ẹni tó ń lọ kírun Jímọ̀."

"O mọ́ jù. Ọ̀pọ̀lọ́ wo ló ń wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Èmi jọ ewé," ni aláwọ̀ ewé wí.

"Báwo ni ẹja á ṣe rí ọ láàárín ewé?"

Dúdú ń fa imú. "Ìsàlẹ̀ ni ẹja ti ń wòkè, màmá. Òjìji ló ń rí, tèmi ló sì ṣú jù. Àmọ́ ẹ̀yìn ń dùn mí. Ọwọ́ yín le!"

Mo ní kó má bínú. Kí n tó mú un, ọ̀gá ké "Mẹ̀ẹ́!" Ó ti di ewúrẹ́ nínú kóòtù rẹ̀, ó ń jẹ etí ìró mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," mo ní. "Ẹ rọra jẹ ẹ́, ìró mi ò pọ̀."

Ló bá di pé inú ilé ìdáná mi la wà. Ọ̀sà ń hó nínú ìkòkò, ọkọ mi ń fi ṣíbí ọbẹ̀ tukọ̀ kiri inú rẹ̀.

"Ìyá Ṣìkírù!" ó pariwo. "Omi yìí ò níyọ̀!"

Mo bu iyọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́ dúdú, mo jù ú sínú ìkòkò. Ẹja fò sókè, gbàù!

Mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ewúrẹ́ ilé wa ti ki orí bọ ojú fèrèsé, ó ń jẹ etí ìró mi. Ẹ̀rín ọkọ mi ni mo gbọ́ lóde, ẹ̀rín tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Mo sáré jáde. Ó gbé ẹja kọ́ èjìká, ìrù rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ dúdú wà lẹ́nu ẹja náà.

"Ìyá Ṣìkírù, mo fà á fà á, ẹja yìí ò tu ọ̀pọ̀lọ́ yìí! Ni mo bá fi ahọ́n tọ́ ọ wò." Ó lá ètè rẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi. "Ta ló fi iyọ̀ sí i lára?"