Bírò Pupa àti Òkú Ẹyẹlé

"Oko wo?" Bírò Pupa jágbe mọ́ ìwé tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni pé ìwé náà máa dá a lóhùn. "Mo ní oko wo?"

Ohun tí wọ́n kọ sórí ìtàn náà ni: Oko mi: Noosi ati Kafinta. Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ṣé oko tí wọ́n ń ro ni? Àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó? Àbí ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀? Ó ka ìtàn náà dópin, kò rí oko, kò rí ọkọ́, ẹnikẹ́ni ò sì wọ ọkọ̀ lọ síbì kankan. Ìfẹ́ ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ó ní ó dáa, ó ti yé òun, ọkọ ni. Ó fi pupa to àmì sí i nísàlẹ̀, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. "Ọmọ àná òde yìí, ọkọ méjì! Ṣíọ̀!"

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń tún ìwé ṣe nílé ìtẹ̀wé yẹn. Láti orí ọ̀gá dórí ẹni tó ń gbálẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Bírò Pupa ni. Kì í fi bírò náà sílẹ̀ síbi iṣẹ́, ó ń gbé e relé. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìkìlọ̀ ara ògiri, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí òun fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń tún ṣe. Bó bá fẹ́ fa ìlà, á kọ́kọ́ fi ìdí bírò kan eyín iwájú lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọ̀gá kó iṣẹ́ yìí wá. Eré orí rédíò kan wà tó dá lórí nọ́ọ̀sì kan àti káfíńtà kan. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ò jẹ́ kó mọ síbi gbígbọ́. Wọ́n jókòó ti fóònù, wọ́n ń fi àwọn èèyàn inú eré náà kọ ìtàn tiwọn. Ọ̀gá ṣa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ, ó fẹ́ fi ṣe ìwé.

"Ìrọ̀lẹ́ òní ni mo fẹ́ gbà á," ọ̀gá ní. "Kẹ́ ẹ sì bá mi to ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn ìwé, torí èmi ò gbọ́ ọ̀kankan."

Ìwé náà rí Bírò Pupa lára. Lójú tiẹ̀, ẹni tó ń fi ìtàn onítàn ṣe tiẹ̀ dà bí ẹni tó yá aṣọ aláṣọ, tó tún ń gé e kúrú. Àwọn tó ń kà á gan-an ò ṣeé wò. Ọ̀kan kọ ọ́ sábẹ́ ìtàn pé, Mo ti ku o, e wa sin mi. Òmíràn fèsì pé, Emi naa ti ku, ta ni yoo sin e? "Ẹ ń fi ikú ṣeré," ló wí, "ẹnu yín á sì máa dùn!" Ó tu itọ́ sínú áńkáṣífù rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti sọ oko di ọkọ nínú ìtàn mẹ́rìnlá. Ó wá ku ìtumọ̀ tí ọ̀gá ní kó tò. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè bi, ìyẹn ọmọ rẹ̀, ẹni ogún ọdún, tó kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ náà kì í bá a jà. Kì í kàn pè é ni. Bí ìyá bá pè é, "Ẹ káàsán, mà. Mo wà dáadáa, mà," ọ̀rọ̀ parí. Bírò Pupa ò mọ ohun tí òun fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó bí i, ó tọ́ ọ, ó rán an níwèé. Ó ń dùn ún ju bó ṣe ń sọ fún aráyé lọ.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ọmọ mi, kí ni oko?"

"Oko bíi ti báwo?"

"Inú ìtàn tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kọ ni. Oko mi, nọ́ọ̀sì àti káfíńtà. Mo ti fi ọkọ sí i."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́dún kan tí ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

"Ọkọ̀ ni, mà! Ọkọ̀ ojú omi. Ẹni méjì tó bá ń wù yín kí wọ́n fẹ́ra, ẹ ti kó wọn sínú ọkọ̀ kan náà nìyẹn. Bó rì, bó gúnlẹ̀, wọ́n jọ wà ńbẹ̀. Ọkọ kẹ̀! Yéè, mo kú."

"Má kú!"

"Ẹ̀rín ni, mà. Ṣé ẹ̀yin náà kì í sọ pé ẹ̀rín pa yín ni?"

Bírò Pupa fa ìwé tó kẹ́yìn yọ. "Wọ́n kọ àtúnṣe sórí eléyìí. Ta ló gbé iṣẹ́ mi fún wọn?"

Ẹ̀rín kúrò lóhùn ọmọ. "Tí eré bá ṣe nǹkan kan tó dùn yín, tẹ́ ẹ ò lè gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ máa jókòó, ẹ máa tún un kọ bó ṣe yẹ kó rí. Àtúnṣe nìyẹn."

"Òkú ẹyẹlé ńkọ́? Wọ́n ní òkú ẹyẹlé ló wà nínú ẹ̀. Mi ò tíì kà á, òórùn orúkọ yẹn nìkan ti tó mi."

"Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, mà. Ìkìlọ̀ ni, pé ìtàn náà lè dun ẹni tó bá kà á. Tí wọ́n bá kọ òkú ẹyẹlé sára àpò, tẹ́ ẹ wá tú u, òkú ẹyẹlé náà lẹ máa bá. Kẹ́ ẹ má sọ pé wọn ò sọ fún yín." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ máa kà á?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Ó dáa, mà."

Bírò Pupa padà sórí ìtàn mẹ́rìnlá, ó ń fi àmì sórí ọkọ níkọ̀ọ̀kan kó lè di ọkọ̀, ó ń pòṣé. Lẹ́yìn náà ló gbé èyí tó kẹ́yìn.

Nínú eré orí rédíò, ìyá nọ́ọ̀sì kú láìjẹ́ pé òun àti ọmọ rẹ̀ rẹ́. Nínú ìtàn yìí, kò kú. Kí Bírò Pupa tó ka ojú ìwé kan tán, ó ti fi pupa yí àṣìṣe mẹ́fà po. Ó ṣí ojú ìwé kejì. Ó kà á pé nígbà tí nọ́ọ̀sì wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọ náà jókòó, ó kọ ìtàn kan, ìtàn àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ojú ìwé mẹ́jọ. Ọjọ́ tí ìyá dé, ó gbé e fún un. Ìyá mú bírò, ó fi kan eyín, kó, kó, kó. Ó dá ìwé náà padà pẹ̀lú pupa lójú ìwé gbogbo. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé: Àṣìṣe mọ́kànlélógójì. Túbọ̀ múra. Kò sọ nǹkan kan nípa ìtàn náà.

Bírò wà léyín Bírò Pupa. Ó ti kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó rántí ọjọ́ náà. Ó rántí bẹ́ẹ̀dì, ó rántí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lára férémù ilẹ̀kùn. Ó rántí àṣìṣe, àní ó lè ka díẹ̀ nínú wọn títí dòní. Ṣùgbọ́n ìtàn náà fúnra rẹ̀, kò rántí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ìpọ́njú kó yẹrí. Ẹyẹlé ò yẹrí o. Onílé ló yẹrí.

Láti àárọ̀ ló ti ń rí ohun tí yóò kórìíra nínú ìwé wọn. Ó wo ìka rẹ̀ tó pọ́n nítorí tàdáwà, ó gbé e sí imú, ó sì nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀ kíákíá. Ó lọ bẹ ẹni tó ń tẹ̀wé pé kó tún ìtàn ìkẹyìn tẹ̀ fún òun, èyí tí kò ní pupa kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ń ṣí ìwé náà. "Bírò Pupa, ẹ fo èyí tó kẹ́yìn. Ẹ wo ibí: Iya re ka a tan. Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀."

"Mo rí i."

"Ṣé kí n dá a padà fún yín ni?"

"Rárá, sà. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bírò Pupa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ fóònù.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà."

"Mo kà á tán."

Ìyá ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí.

"Ìtàn ọjọ́ tí mo dé láti ọsibítù," Bírò Pupa ní, "mi ò rántí nǹkan kan nínú ẹ̀ àfi àṣìṣe. Jọ̀ọ́, bá mi sọ ọ́."

"Ó gùn, mà."

"Jẹ́ kó gùn," ló wí, ó sì fa àga kan sún mọ́ra.