Òwú Inú Ike Oògùn

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, táì mẹ́ta ni Oyèyẹmí dán wò níwájú dígí. Pupa ló mú, torí ó dá a lójú pé pupa máa ń gbé ẹwà òun yọ nínú fọ́tò. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ní kòkòrò HIV ní Sabon Gari. Oògùn ti di ọ̀wọ́n láti oṣù méjì, òní sì ni wọ́n fẹ́ rìn lọ bá àwọn aláṣẹ ní Nassarawa GRA. Àwọn oníròyìn ń bọ̀.

Ike oògùn mẹ́ta, odindi, wà nínú báàgì rẹ̀. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń lọ gan-an ló fi ránṣẹ́ lánàá: "Alága, tiyín rèé. Ẹ má pariwo jù lọ́la." Oyèyẹmí gbà á. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé agbẹnusọ kò gbọdọ̀ ṣàìsàn. Lánàá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí rẹ̀.

Ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Enugu Road, wọ́n ṣe bí wọ́n ti ń ṣe nígbà ọ̀wọ́n: kálukú da oògùn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sínú abọ́ kan, kí wọ́n lè pín in dọ́gba. Oògùn kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Oyèyẹmí da hóró méjì sí i.

"Haba, Ciyaman!" Ràhmátù kígbe. "Méjì péré?"

Ìyá Caleb, tó ń se oúnjẹ tà nítòsí Railway Quarters, ṣa méjì náà padà sí i lọ́wọ́, ó sì fi mẹ́ta tirẹ̀ lé e. "Ẹ gbà, Alága wa. Tẹ́ ẹ bá ṣubú níwájú kámẹ́rà, ta ló máa sọ gẹ̀ẹ́sì ńláńlá fún wọn?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Oyèyẹmí yára gbé báàgì rẹ̀. Ó dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ ìró yẹn. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ki òwú bọ inú ike, kí aládùúgbò má baà gbọ́. Táì ni Oyèyẹmí rántí, kò rántí òwú.

Ìyá Caleb nìkan ló sún mọ́ ọn tó láti gbọ́. Ó yọ òwú díẹ̀ nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí i lọ́wọ́. "Ẹ fi dí i, Alága," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Káwọn tó kù má gbọ́."

Ìbá sàn kó bú u.

Oyèyẹmí ṣí ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dà wọ́n sínú abọ́. Ẹ̀rín dá. Ìyá Caleb bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, kò wo ojú rẹ̀.

"Ràhmátù," Oyèyẹmí ní, "ìwọ lo máa bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀."

Ó mú pátákó ìfẹ̀hónúhàn kan, ó lọ tò sẹ́yìn pátápátá. Ibẹ̀ ló ti tú táì náà.