Reluwé Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Bí ẹ bá dé Ajégúnlẹ̀ lọ́dún 1991, tí ẹ ní kí wọ́n júwe ibi tí reluwé ń gbà kọjá fún yín, wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Reluwé ò dé Ajégúnlẹ̀ rí. Èyí ò ní kí ọ̀rẹ́ mẹ́rin kan má kọ́ tiwọn. Wọ́n ní tiwọn á gbéra láti Ajégúnlẹ̀, á gba Ìjọra, á gba Malu Road dé èbúté Apapa, á sì tún yí padà wálé, gbogbo rẹ̀ lórí pátákó mẹ́rin.

Abdulrasheed káfíńtà ló gé àwọn pátákó náà. Tonye, wẹ́dà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Snake Island, tẹ wáyà tó nípọn, ó fi ṣe ojú irin. Obiora tó ń tún rédíò ṣe tú mọ́tò kékeré tó ń yí téèpù nínú rédíò kásẹ́ẹ̀tì kan tó ti kú, ó fi sínú orí ọkọ̀ pẹ̀lú bátìrì, ó sì fi agolo sàdíìnì ṣe àwọn tí orí ọkọ̀ náà máa wọ́ tẹ̀lé ara rẹ̀. Sàfíátù télọ̀ ni ẹ̀kẹrin wọn. Òun ló ń fi àjákù aṣọ ṣe èèyàn, tó ń fi kànrìnkàn ṣe igi.

Kò sí ẹni tí yàrá rẹ̀ lè gba pátákó mẹ́rin nínú wọn, nítorí náà oníkálukú gbé ọ̀kan lọ sílé, ó ń kọ́ àdúgbò tirẹ̀ sórí rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, pé igi ìṣáná kan ni gíga èèyàn kan, kí ilé àti ọkọ̀ àti ohun gbogbo bá igi ìṣáná mu. Òfin náà dára. Ẹni tó máa pa á mọ́ ni ò sí.

Ìjọra ni ti Sàfíátù. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, nínú ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí Àkànó bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí ilé ìwé, àwọn kan wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri, wọ́n ní ilé náà ti wọ ojú ọ̀nà reluwé. Kò pẹ́ tí katapílà fi dé. Yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n kó lọ, yàrá tí omi òjò ń wọlé bá wọn sùn, òtútù àyà sì mú Hàbíbàt ìyá rẹ̀ lọ kí òjò ọdún náà tó dá.

Láti ìgbà náà ni Bàbá Àkànó ti gbé ẹ̀bi rù. Àpò ìrẹsì tó ti ya ló máa ń rán, tó ń tà ní Malu Road, kì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ ìyàwó rẹ̀, ohun kan náà ló máa sọ: òun ló kọ́ ilé sójú ọ̀nà ọkọ̀, òun ló pa á. Bó bá fẹ́ lọ sí Èkó, ó lè rìn yíká gbogbo ayé kó má bàa gba Ìjọra kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Sàfíátù dé eegun. Òun ló jẹ́ kó dáwọ́ lé reluwé, tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó fẹ́ kí bàbá òun tún rí ilé náà ní ìdúró, kí ó rí ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìkan án, kí ó sì sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ máa so pátákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nínú pásééjì ilé Abdulrasheed gan-an ló lọ mú bàbá wá. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ì bá kọ́kọ́ dán an wò, àbí? Ara Sàfíátù ò balẹ̀ ní tirẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún bàbá, wọ́n tẹ́ pátákó, oníkálukú sì wá rí ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ ti ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí. Ṣọ́ọ̀bù Obiora ga ju ilé èyíkéyìí ní Apapa lọ. Ọkọ̀ ojú omi Tonye fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọ̀sà. Abdulrasheed, tí gbogbo wa mọ̀ pé abẹ́ páànù ni bàbá rẹ̀ ti ń gé igi, ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún un. Ti Sàfíátù ló wá burú jù, nítorí ilé Ìjọra ti ní òkè, ó ní wíńdò mẹ́fà, ó sì ní fàráńdà tó fẹjú.

Obiora tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ gbéra. Àwọn ará ilé pàtẹ́wọ́. Gladys, ayálégbé kan tó gbé omi bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé dúró, nítorí Ajégúnlẹ̀ ti dí i lọ́nà. Ọkọ̀ náà rọra wọ Ìjọra, ó forí sọ fàráńdà, ó ṣubú, ilé náà sì wó lé e lórí.

Bàbá Àkànó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, kò sì bínú rárá.

"Ṣé o ti wá rí i fúnra rẹ, Sàfíátù," ló wí. "Ojú ọ̀nà ni."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Sàfíátù jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún. Ó ń ṣe é bíi pé òun gan-an ló wa katapílà. Tonye ní kí wọ́n sún ilé náà sẹ́yìn, Abdulrasheed ní òun lè tẹ ojú irin kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sàfíátù kọ̀ fún àwọn méjèèjì, ó ní bí wọ́n bá yí i, kì í ṣe Ìjọra mọ́ nìyẹn, bàbá òun á sì mọ̀.

"Sàfí, no vex," ni Obiora wí jẹ́jẹ́. "How that house big reach sef?"

Sàfíátù ò mọ bó ṣe tóbi tó mọ́. Láti ọjọ́ tí ilé náà ti wó ló ti ń tóbi sí i lọ́kàn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, òun àti Obiora lọ sí Ìjọra. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ilé náà ṣì wà lábẹ́ koríko. Sàfíátù fa téèpù télọ̀ rẹ̀ yọ, Obiora ní kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe, ṣebí èèyàn ni igi ìṣáná. Obiora wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì nà gbalaja sílẹ̀. Obiora méjì ni gígùn ilé náà, kò tilẹ̀ pé méjì ní ìbú. Láti ojú irin dé ibi tí ògiri wà, láti àtẹ́lẹsẹ̀ Obiora dé èjìká rẹ̀ ni. Ọkùnrin kan tó ń kọjá béèrè bóyá ó nílò omi.

Sàfíátù dúró láàárín ilẹ̀ náà, ojú tì í, àánú sì tún ṣe é. Ibi tó há tó báyìí ni ìyá òun ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ dalẹ́, òun wá ń kọ́ òkè àti fàráńdà fún un.

Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Sàfíátù kọ́ yàrá kan ṣoṣo, ó fi ìdérí agolo mílíìkì bò ó, ó gbẹ́ wíńdò kan síbi tí wíńdò wà. Nígbà tí àwọn yòókù rí i, ojú ti àwọn náà. Obiora gé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrú, Tonye gé ọkọ̀ ojú omi sí méjì. Abdulrasheed fi ìkanra wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dán an wò.

Ẹni tó kù láti bẹ̀ ni bàbá. Ó ní òun ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ó tó òun. Sàfíátù kúnlẹ̀ síwájú àpò tó ń rán.

"Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ ilé tó wó lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ wá wo tiyín."

Ó wá. Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bó ti rí ilé náà ló lọ lóṣòó tì í, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọkọ̀ gbéra, ó wọ Ìjọra, ó kọjá lábẹ́ wíńdò náà, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí Malu Road. Bàbá ní kí wọ́n tún jẹ́ kó kọjá. Nígbà tó tún dé, ó ní kí wọ́n dá a dúró síbẹ̀, ó sì ki ìka rẹ̀ bọ àárín ọkọ̀ àti ògiri. Ìka náà wọlé, àyè sì tún kù.

"Ọ̀nà wà," ló wí. Ó fa ìka yọ, ó tún kì í bọ̀ ọ́. "Ọ̀nà wà nígbà yẹn."

Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Sàfíátù fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn ilé náà, ó sì ń fajú ro bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Ẹ ò kọ́ ilé ìdáná ìyá rẹ," ló wí. "Ẹ̀yìn ibí yìí ló wà. Abdulrasheed, fún mi ní páànù díẹ̀."