Kátíkíìsì Ń Retí Oṣù

Ọjọ́ Àìkú ló so Fọlákẹ́ àti Job pọ̀, ọjọ́ Àìkú náà ló sì fẹ́ tú wọn ká.

Ilé-iṣẹ́ ike kan ní Óregun ni àwọn méjèèjì ti ń di ọjà sínú páálí. Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó mú nǹkan le, ti gbòde, ọ̀gá ti dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró, ẹni tó kù kò gbọdọ̀ kọ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá yan iṣẹ́ Sọ́ńdè fún Fọlákẹ́, ó bú sẹ́kún, torí òun ló ń lé orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà wọn ní Ifakò. Job sún mọ́ ọn.

"Sístà, ẹ máa lọ kọrin yín. Màá bá yín ṣe é. Sátidé ni èmi ń sinmi ní tèmi."

Ọmọ ìjọ Adífẹ́ńtì ni Job. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó parí, kò tún ní fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́ títí ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ ara wọn ṣe ni ìfẹ́ wọlé, ìfẹ́ sì di mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ dá ọjọ́ ìgbéyàwó ni wàhálà ti bẹ́. Kátíkíìsì Ọlọ́runníyì, bàbá Fọlákẹ́, ní Sátidé ni gbogbo ayé ń gbéyàwó.

Job dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọjọ́ keje ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sinmi, ó sì ní ká má gbàgbé ẹ̀. Mi ò lè máa to àga kiri lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní Sọ́ńdè."

"Sọ́ńdè kẹ̀? Ọjọ́ tí Olúwa jíǹde! Ìsinmi tiwa nìyẹn. Ṣé kí n fi ìsìn sílẹ̀ ni, kí n máa ṣọ́ ìkòkò àsè?"

"Àárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́?" ni Fọlákẹ́ bi wọ́n. Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé ọ̀gá ò ní gbà.

Àlàájì Muhydeen, onílé wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ látẹnu ọ̀nà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ìsinmi lẹ wá ń bá ara yín jà lé lórí! Ẹ gba tèmi. Ọjọ́ kejì Iléyá, ìjọba á fún gbogbo wa ní họ́lídéè. Bí oṣù bá tètè lé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa bọ́ sí. Ẹran àgbò mi á sì ti wà nílẹ̀."

Kátíkíìsì wo Job, Job náà wò ó. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan kọ̀ níbẹ̀.

Ìyá Fọlákẹ́ nìkan ló gbẹ́nu lé e. "Bí oṣù ò bá wá tètè lé ńkọ́? Ọjọ́rú ló máa bọ́ sí yẹn! Mi ò ní fa ọmọ mi fọ́kọ ní Ọjọ́rú o."

Bí Kátíkíìsì ṣe di ẹni tó ń retí oṣù nìyẹn. Nígbà tí àkókò tó, òun àti Àlàájì jọ na ọrùn sókè ní àgbàlá nírọ̀lẹ́, àwọn ayálégbé ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kùrukùru bo ojú ọ̀run. Fọlákẹ́ ò lè jẹun. Láìpẹ́, rédíò Àlàájì kéde pé wọ́n ti rí oṣù lókè ọya.

"Oṣù ti lé!" Kátíkíìsì ló kọ́kọ́ figbe ta. "Halelúyà!"

"Alihamudulilahi!" ni Àlàájì dá a lóhùn. Fọlákẹ́ dì mọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n ń fò sókè bí ọmọdé.

Nígbà tí Iléyá dé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó jẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ Óregun dákẹ́. Pásítọ̀ Áńgílíkà so wọ́n pọ̀, alàgbà Adífẹ́ńtì sì gbàdúrà lé wọn lórí. Nígbà tí wọ́n padà dé àgbàlá, Kátíkíìsì fa Job sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí Bíbélì.

"Mi ò tíì gbà pé Sátidé ni o."

"Èmi náà ò tíì gbà pé Sọ́ńdè ni, sà."

"Ó dáa. Jókòó, ọmọ mi. Wo ibí yìí."

Wọ́n tẹrí pọ̀ sórí ìwé, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó tuntun ká aṣọ funfun rẹ̀ sórí orúnkún, ó gba àwo ẹran lọ́wọ́ Fàúsát, ìyàwó Àlàájì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.