Fótò Méjì Inú Orí Pak Deraman

Ní gbogbo ìlú Bachok, láti etí òkun títí dé ibi tí oko ìrẹsì ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tí ohùn rẹ̀ ga tó ti Pak Deraman. Bó bá pàṣẹ fún ọ̀bọ rẹ̀ nídìí igi àgbọn, àwọn ọ̀bọ tó wà lódìkejì ààlà ní Thailand á ju ohun tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gun igi. Ogójì ọdún ló ti fi ń kọ́ ọ̀bọ ní iṣẹ́ àgbọn kíká. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ń jẹ́ Petai, akọ kan tó sanra bí ìrọ̀rí, tó lè ká ẹgbẹ̀rún àgbọn kí omi tíì tó hó.

Àmọ́ láti ìgbà tí òjò ọdún tó kọjá ti dá, àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lẹ́nu Pak Deraman. Petai á ti dókè, á fìdí lé imọ̀ àgbọn, á máa wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó pariwo pé, “Yí i!” Petai yí àgbọn, àgbọn já. Bàbá dúró gbọin sábẹ́ rẹ̀ bí òpó iná. Àgbọn náà fẹ́ ẹ létí kọjá, ó sì gbẹ́ kòtò tí ewúrẹ́ lè bímọ sí.

Rohayu, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù wọn, sáré dé.

“Bàbá! Kí ló dé tẹ́ ò yẹra?”

“Mo fẹ́ yẹra. Ẹsẹ̀ ló ní òun ṣì ń rò ó.” Pak Deraman bú sẹ́rìn-ín.

Rohayu ò rẹ́rìn-ín. “Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́jọ́ Ajé, lẹ ń lọ rí dókítà. Bó bá ní orí yín ṣì wà bó ṣe wà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ máa báṣẹ́ yín lọ. Bó bá ní ó ti burú sí i, Petai ń lọ sọ́dọ̀ Che Ibrahim tóun náà ń fi ọ̀bọ ká àgbọn ní Tumpat. Mi ò lè sin bàbá mi nítorí àgbọn.”

“Mo gbà,” ni bàbá wí. Ó rò pé òun mọ ọgbọ́n tóun máa dá.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí òòyì gbé e ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ti fún un nídàánwò: kó ya ojú aago, kó há ọ̀rọ̀ márùn-ún sórí, kó máa yọ méje-méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Mek Song ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í lọ́jọ́ náà, Mek Song kì í sì í gbàgbé nǹkan. Pak Deraman, tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta nítorí pé tíṣà ń dí i lọ́wọ́ ẹja pípa, wá ronú pé: bí ọ̀bọ bá lè mọ̀wé, kí ló dé tí orí tòun ò ní mọ̀ ọ́n?

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Mágàríbì, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mek Song á máa bi í ní àwọn ìbéèrè ìdánwò náà. Èyí tó bá gbà, Mek Song á fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọmìnì kan, gẹ́gẹ́ bí bàbá náà ti ń ṣe fún Petai.

“Ọ̀rọ̀ kẹrin?”

“Àkàbà.”

“Ẹ ti pe àkàbà lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Rohayu!”

“Ilé mi ga, Mek. Ó gba àkàbà méjì.”

“Kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún yín.”

“Áà! Ebi á pa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kú o!”

“Ogójì ọdún lẹ fi kọ́ ọ̀bọ. Èmi náà ti rí tèmi kọ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí adìẹ fi sá lọ. Àmọ́ láàárọ̀, Mek Song á ká ìró tí ìtọ̀ ti mú tutù kúrò lórí ẹní ọkọ rẹ̀, á fọ̀ ọ́. Pak Deraman á ṣojú fúrú bí ẹni pé òun ò rí i.

Ọjọ́ Ajé dé. Níwájú nọ́ọ̀sì, bàbá ya aago tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dún. Ọ̀rọ̀ márààrún kan náà ni wọ́n tún bi í, ó sì tú wọn jáde bí ẹni tú àgbàdo. Mẹ́tàlélógún nínú ọgbọ̀n ló gbà lọ́jọ́sí, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló gbà lọ́tẹ̀ yìí.

“Rohayu, wá wò ó! Bó bá dọdún tó ń bọ̀, wọ́n á fi mí ṣe mínísítà!”

Rohayu nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Àmọ́ ẹ̀rọ ti ya fótò inú orí bàbá lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, Dókítà Siew sì gbé fótò méjì sójú kan náà. “Pak Cik,” ó fi ọ̀wọ̀ àgbà pè é, “ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn rèé.” Tóótòòtó funfun díẹ̀ ló wà níbẹ̀, bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀. “Tuntun rèé.” Nínú èyí, àwọn tóótòòtó ti wá ara wọn rí, wọ́n ti di odidi, wọ́n yí àárín ọpọlọ ká bí wàrà àgbọn tó hó gbẹ mọ́ ìkòkò.

“Ṣé ọpọlọ mi ń hu ewú ni, Dókítà?”

“Okùn kún inú ọpọlọ, òun ni apá kan fi ń ránṣẹ́ sí apá kejì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba àwọn iṣan tín-tìn-tín tó ń bọ́ okùn náà jẹ́. Ibi tó bá ti bà jẹ́ ló ń funfun yìí. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá rán ẹsẹ̀ ṣì lè dé, àmọ́ ó ń pẹ́ lọ́nà. Funfun inú orí àwọn mìíràn máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Tiyín ń tàn kálẹ̀ ni. Ṣé ẹ ń lo oògùn?”

“Tí orí bá fọ́ mi.”

“Lójoojúmọ́ ni mo ní. Budu ńkọ́?”

Pak Deraman wolẹ̀. Budu, omi ẹja oníyọ̀ yẹn, á bu ú sórí ìrẹsì títí ìrẹsì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́.

Dókítà wo ìwé ìdánwò, ó tún wo fótò, kò yé e. “Pak Cik, ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà yẹn wá síbí. Bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, ẹ máa dárúkọ èso.”

Bàbá gbéra. “Àgbọn,” ó wí, ẹsẹ̀ dúró.

“Ẹ máa rìn, Pak Cik.”

Ó rìn, ẹnu pa dé.

“Ẹ máa dárúkọ.”

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀.” Ẹsẹ̀ tún lẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì dè é. Ètè Mek Song ń mì, ó ń fẹ́ ju orúkọ èso sí i, ohùn ò jáde. Bàbá wo ìjókòó tó wà níwájú rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló kù, ó sì jìnnà bíi Mẹ́kà. Nídìí igi, kéèyàn pàṣẹ, kó sì yẹra lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

“Mek ló kọ́ mi ní ìdánwò yẹn,” ó wí. “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi kọ́ mi.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

“Rohayu, pe Ibrahim,” ni bàbá wí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Che Ibrahim gbé alùpùpù dé. Pak Deraman fúnra rẹ̀ ló so okùn Petai mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Ó pẹ́ kó tó ta kókó náà tán, kò sì gbà kẹ́nikẹ́ni bá òun ta á.

“Pak, mo máa tọ́jú ẹ̀,” ni Ibrahim wí.

Bàbá fẹ́ dá a lóhùn. Ó mọ̀ pé àpárá kan ń bọ̀, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú orí. Ibrahim dúró díẹ̀, ó mi orí, ó ṣáná sí alùpùpù. Wọ́n gba iwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n gun afárá, wọ́n lọ. Eruku lọ sílẹ̀ tán pátá.

“Ibrahim!” bàbá pariwo sójú ọ̀nà òfìfo. “Má jẹ́ kí Petai wà á o! Kò ní láísẹ́ńsì!”

Mek Song rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó rẹ́rìn-ín ju bí àpárá náà ti tó lọ, títí Rohayu fi wọlé fi wọ́n sílẹ̀ síta.